Ọmọ Ìyá Ilá ní Ilẹ̀ Kòmumi

Ẹ gba akèrègbè ẹmu yẹn lọ́wọ́ ẹni tí ń tòògbé, kí ẹ sì sún mọ́ mi. Ìtàn ìjà ni mo fẹ́ sọ, ìtàn ìjà kì í sì í ṣe ohun tí a ń fi ìdajì etí gbọ́. Èmi ni Ọdẹ́jìnmí ọmọ Ògúnṣakin, ará Ìdí-Igbá, èmi tí mo yìnbọn fún ẹfọ̀n tí ẹfọ̀n náà sì tọrọ gáfárà kí ó tó ṣubú. Bí ẹnikẹ́ni bá wà níhìn-ín tí ó rò pé irọ́ ni mo ń pa, kí ó dìde dúró kí n rí ojú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó dìde. Ó dáa bẹ́ẹ̀.

Ohun tí mo lọ wá lọ́jọ́ náà kì í ṣe erin, kì í sì í ṣe ẹfọ̀n. Igi kékeré kan ni, tí kò ga ju orúnkún mi lọ. Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín? Ẹ máa rẹ́rìn-ín lọ. Erin tóbi, ẹni tí ojú rẹ̀ fọ́ nìkan ni kò ní rí i. Ṣùgbọ́n kí wọ́n ní kí o mọ igi kan ṣoṣo láàárín ọ̀pọ̀ igi tó jọra, kí gbogbo wọn máa bú ọ, kí gbogbo wọn máa purọ́ fún ọ, kí ẹ̀mí ẹni tí o fẹ́ràn sì rọ̀ mọ́ èyí tí o bá mú, iṣẹ́ ọdẹ nìyẹn. Èyí tí ẹ ń ṣe lẹ́yìn ọ̀yà, eré ọmọdé ni.

Ọ̀fun ìyàwó mi ló fa gbogbo rẹ̀. Àwẹ̀ró lorúkọ rẹ̀, ẹ sì mọ irú ohùn tí Ọlọ́run fún un: bí ó bá kígbe pe adìẹ ní Ìdí-Igbá, adìẹ abúlé kejì á dáhùn. Nínú ọyẹ́ ọdún náà, ọ̀fun rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ. A kọ́kọ́ rò pé ikọ́ ni. Nígbà tó yá, ohùn rẹ̀ wọlé, kò jáde mọ́. Bí ó bá gbé iyán mì, iyán á dúró sáàárín ọ̀nà. Bí ó bá mu omi, omi á gba imú jáde. Ẹ̀kọ mímu pàápàá di ogun. Mo ń wò ó, ó ń rù, ọrùn rẹ̀ tí mo máa ń fi ṣẹ̀fẹ̀ pé ó ní ìṣẹ́po ìṣẹ́po di igi gbígbẹ, mi ò sì mọ ohun tí mo lè yìnbọn fún. Wọ́n ní ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run ni. Àwọn tó ń jẹ àjẹjù ni wọ́n ń fi òwe yìí bá wí, ṣùgbọ́n mo rí i lára ìyàwó mi pé bí ọ̀nà náà bá dí, ọ̀run kan náà ló já sí.

Ìyá rẹ̀ ránṣẹ́ pé kí wọ́n gbé e wá sílé òun. Ẹ jẹ́ kí n mu ẹmu díẹ̀ kí n tó dárúkọ obìnrin yìí. Ìyá Àwẹ̀ró, agbẹ̀ ilá ni. Gbogbo orúnlá tí ẹ ń rí ní agbègbè wa, orí àpáta ẹ̀yìn ilé rẹ̀ ni wọ́n ti sá a. Ẹ sì mọ̀ pé ní ilé tiwa, ọkùnrin kì í jẹ ilá. Bàbá ńlá wa kan ló jẹ ilá tán, kò fọwọ́, ó gbá ìbọn mú. Ìbọn yọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó dún, àbúrò rẹ̀ ló bá. Láti ìgbà náà, ọkùnrin ilé wa kankan kò gbọdọ̀ fi ẹnu kan ilá, tàbí ohunkóhun tó bá ń yọ̀ bí ilá. Ẹni tó bá fi kàn án, ìbọn á máa yọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ títí ayé. Ẹ wá wo irú orí tí mo gbé wáyé, tó jẹ́ pé nínú gbogbo ọmọbìnrin ayé, ọmọ agbẹ̀ ilá ni mo rí fẹ́! Ọjọ́ tí mo lọ dọ̀bálẹ̀ fún wọn, ọbẹ̀ ilá ni ìyá náà gbé síwájú mi. Mo ní èèwọ̀ wa ni. Ó gbé àwo náà padà, kò sì tíì dárí jì mí títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí.

Nígbà tí mo dé ilé rẹ̀, ẹnu ọ̀nà ló ti pàdé mi. Mo dọ̀bálẹ̀, kò ní kí n dìde.

“Ọdẹ́jìnmí,” ó ní, “ọmọ tí mo fi ilá wò dàgbà ni o kó lọ sí ilé tí wọ́n ti ń jẹ oúnjẹ gbígbẹ bí eku. Wá wò ó! Ọ̀fun rẹ̀ ti di ògiri.”

“Ìyá, ẹ má bínú,” ni mo wí láti ilẹ̀.

“Kí n má bínú? Ìwọ ni kí o bínú, ìwọ tí o ń pe ara rẹ lọ́dẹ! Mo ti fún un ní ilá, ilá ò ràn án. Ilá tó mu omi yó, kò lágbára ohun tó ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ilá ní ọmọ ìyá kan tó sá lọ sí ilẹ̀ tí òjò kì í rọ̀. Inú òkúta ló ti ń fa omi yíyọ̀ tirẹ̀. Ìyá tó bí ìyá mi rí i rí. La etí rẹ, nítorí n kò ní tún un sọ.”

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka àmì igi náà fún mi bí ẹni tí ń ka ẹ̀ṣẹ̀ mi. Ó ní kò ga ju orúnkún lọ. Ó ní ewé rẹ̀ rí bí eérú, irun wẹ́wẹ́ sì bò ó lára. Ó ní òdòdó rẹ̀ pọ́n bí epo tuntun, òpó kan sì dúró láàárín òdòdó náà, eruku wà lórí òpó, bí ti ilá, bí ti òwú, bí ti ìṣápá, nítorí pé ìdílé kan náà ni gbogbo wọn. Ó ní èso rẹ̀ pín sí awẹ́ awẹ́ bí obì, àwọn awẹ́ náà sì jókòó yíká bí àgbà tó ń ṣèpàdé. Ó ní bí ẹ̀ka rẹ̀ bá dá, èèpo rẹ̀ kì í jẹ́ kó bọ́ sílẹ̀, nítorí okùn ni èèpo ìdílé wọn.

“Ṣùgbọ́n gbogbo ìyẹn,” ó ní, “ẹlòmíràn lè fi ṣe ẹ̀tàn. Yíyọ̀ ni ẹ̀rí tó ga jù. Bí kò bá yọ̀, kì í ṣe òun.”

“Ẹ ṣé, ìyá.”

“Má kí mi. Mú un wá. Bí ọmọ mi bá kú, má ṣe yọjú síbi òkú rẹ̀.”

Mo fò dìde nílẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni n óò bá jà? Mo wọlé, mo wo Àwẹ̀ró lórí ẹní. Ó gbé ọwọ́ sókè, ó fi kan ìbọn mi, bí ó ti máa ń ṣe nígbàkigbà tí mo bá ń lọ igbó. Kò lè sọ̀rọ̀. Mo jáde.

Bí mo ṣe di ẹrù, ibi tí mo sùn sí, ohun tí mo jẹ lọ́nà, kò kàn yín. Bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́, ro ìyà, bó bá pa ẹran, kò ní fún ẹnikẹ́ni jẹ. Ẹ ṣáà mọ̀ pé mo la igbó já títí tí igi fi bẹ̀rẹ̀ sí í kúrú, tí ẹyẹ dákẹ́, tí ilẹ̀ sì di iyanrìn. Ibi tí igbó parí sí gan-an, iwin kan jókòó sórí òkìtì fìlà. Fìlà ni mo wí: fìlà aṣọ òkè, fìlà abetí-ajá, fìlà àwọn Tápà, gbogbo rẹ̀ ti ṣá. Ojú iwin náà wà lórí orúnkún rẹ̀ méjèèjì, ẹnu rẹ̀ sì la láti iwájú orí dé àgbọ̀n bí ìlẹ̀kùn. Mo ti fẹ́ ṣí fìlà mi kí n kí i bí ọmọlúwàbí. Nígbà náà ni mo bi ara mi léèrè pé, àwọn tó ni fìlà wọ̀nyí ńkọ́? Mo dá ọwọ́ dúró.

Iwin náà hó lé mi lórí: “Ìwọ yìí! Ta ló bí ọ tí kò tọrọ àforíjì lọ́wọ́ aráyé?”

Ó yé mi wàyí. Èébú ni wọ́n fi ń kí ara wọn níbẹ̀. Ẹni tó bá fi ìwà pẹ̀lẹ́ dáhùn, ó di oúnjẹ, fìlà rẹ̀ á sì di àga. Ẹ̀yin ará mi, ọ̀pọ̀ akọni ló ti kú nítorí ẹ̀kọ́ ilé. Ṣùgbọ́n èmi? Èmi tí mo ti ń ṣe àna Ìyá Àwẹ̀ró láti ìgbà tí irùngbọ̀n mi ti ń hù? Mo kàn tẹ́ ẹsẹ̀ sílẹ̀, mo ya ẹnu ìyá ìyàwó mi lò.

“Ìwọ ni o ń bi mí?” ni mo ní. “Ìwọ olórí bí ìkòkò tí wọ́n gbàgbé sórí iná! Ìwọ tí wọ́n ní kí ẹ dìde, o jókòó. Wọ́n ní kí ẹ ṣiṣẹ́, o sùn. Ọbẹ̀ ta sánsán, o jí!”

Ojú rẹ̀ méjèèjì ṣẹ́jú lórí orúnkún. Ó ní, “Ẹsẹ̀ rẹ rí bí igi tí ikán jẹ kù.”

“Tìrẹ ńkọ́? Ìwọ tí o ń fi ojú kúnlẹ̀! Bí o bá sunkún, bàtà rẹ ni o ń fọ̀. Ìyá rẹ bí ọ tán, ó ní kí agbẹ̀bí tún inú ibẹ̀ wò dáadáa, bóyá ọmọ gan-an ṣì kù!”

Iwin náà bú sẹ́kún. Omi ojú ń ṣàn sí ojúgun rẹ̀. Ó ní, “Ta ló kọ́ ọ?”

“Ìyá ìyàwó mi.”

“Ṣé ó ṣì wà láyé?”

“Ó wà.”

“Jọ̀ọ́,” ó ní, “má fi ọ̀nà ibí hàn án.” Ó yí kúrò lójú ọ̀nà fún mi. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, ẹnu ló yọ mí.

Mo wọ ilẹ̀ Kòmumi. Mi ò mọ bí mo ṣe lè sọ ibẹ̀ fún yín, ẹ̀yin tí ìrì ń pa lẹ́sẹ̀ láràárọ̀. Oòrùn ibẹ̀ kì í ràn, ṣe ló ń jẹni. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ń gba omi lójú ènìyàn kí ó tó ṣẹ́jú. Omi inú kèrègbè mi gbẹ bí mo ṣe ń gbé e lọ sẹ́nu. Nígbà náà ni iyanrìn níwájú mi dìde, ó ga, ó ní èjìká, ó ní ọwọ́ tó gùn dé ilẹ̀, ó sì tẹ̀ ba láti wò mí. Òun ni Kòmumi, ẹni tó ni ilẹ̀. Kò ní ètè. Ihò ni ẹnu rẹ̀, iyanrìn sì ń dà jáde níbẹ̀ bí ó ti ń sọ̀rọ̀.

“Ọdẹ,” ó ní, “mo ní àlọ́ kan. Bí o kò bá mọ̀ ọ́n, ibí ni wàá gbẹ sí. Kí ni ohun tí ọlọ́rọ̀ àti òtòṣì ní dọ́gba, tí ó wà nínú ilé láì sí lórí ẹní, tí ó jẹ́ pé bí ó bá tán, ọ̀rọ̀ tán?”

Ẹ wò mí o! Èmi tí mo máa ń yangàn pé kò sí àlọ́ tó lè sùn sí mi lọ́wọ́. Kò tiẹ̀ tíì pa ẹnu dé tí mo fi kígbe pé, “Itọ́ ẹnu ni!”

“O gbà á,” ni Kòmumi wí. “Ìwọ fúnra rẹ lo dárúkọ rẹ̀. Owó ibodè nìyẹn. Mú un wá.”

Mo fẹ́ bá a jiyàn, ó ti ki ìka iyanrìn kan bọ̀ mí lẹ́nu, ó sì fa gbogbo itọ́ inú rẹ̀ mu. Ahọ́n mi lẹ̀ mọ́ àjà ẹnu. Ẹ̀yin ọdẹ, ẹ mọ ohun tí èyí jẹ́. Gbogbo ọfọ̀ tí bàbá mi kọ́ mi, gbogbo àyájọ́ tí mo fi ń di kìnnìún lójú, èwo ni n óò fi ẹnu gbígbẹ pè tí yóò jẹ́? Ojú mi àti ọwọ́ mi nìkan ló kù. Ẹ̀rù bà mí. N kò ní purọ́ fún yín, ẹ̀rù bà mí gan-an.

Kòmumi na ọwọ́ síwájú. Igi kéékèèké kún ilẹ̀ níbẹ̀ lọ súà, gbogbo wọn kò ga ju orúnkún, gbogbo wọn rí bí eérú. “Ọ̀kan ni o ń wá,” ó ní. “Èyí tí ọwọ́ rẹ bá kọ́kọ́ já ni tìrẹ. Bí ó bá jẹ́ òun, máa gbé e lọ. Bí kì í bá ṣe òun, ẹsẹ̀ rẹ á ta gbòǹgbò, wàá dúró tì wọ́n. Béèrè lọ́wọ́ wọn bí ìwọ náà yóò ṣe rí lẹ́yìn ìyẹn. Àwọn náà wá fún ẹnìkan.”

Ènìyàn ni wọ́n! Àwọn tó ṣi igi já ni wọ́n, wọ́n ti gbẹ, inú wọn sì ti korò. Bí mo ti wọ àárín wọn ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ariwo. Ọ̀kan ní, “Èmi ni! Já mi!” Èkejì ní, “Má dá a lóhùn, olè ni, èmi ni!” Ẹ̀kẹta ní, “Ìyàwó rẹ ti kú, padà sílé, òmùgọ̀!” Èyí dùn mí dé egungun, ṣùgbọ́n mo pa á mọ́ra. Mo fi ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, mo dì wọ́n mú bí ẹni tí ọlọ́pàá mú, kí n má baà ṣèèṣì kan nǹkan. Mo ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Òdòdó ti eléyìí dára, ṣùgbọ́n àárín rẹ̀ ṣófo, kò sí òpó. Tọ̀hún ní òpó, ṣùgbọ́n èso rẹ̀ gùn bí ẹ̀wà. Ti ẹ̀yìn yẹn, ewé rẹ̀ ń dán, kò ní irun. Òmíràn ti ṣẹ́ lẹ́ka, ẹ̀ka náà sì ti bọ́ sílẹ̀ kúrú bí igi ìdáná. Ìyá mi ran òwú títí ó fi kú. Bí n kò bá mọ ilá, mo mọ òdòdó òwú, òun ni mo fi ń díwọ̀n.

Lẹ́bàá àpáta kan, mo rí méjì tó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bí ìbejì. Àwọn méjèèjì ní irun lára ewé. Òdòdó àwọn méjèèjì pọ́n bí epo, òpó dúró láàárín. Èso wọn pín sí awẹ́ yíká. Afẹ́fẹ́ ti ṣẹ́ ẹ̀ka kan lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ̀ka náà sì fi èèpo rọ̀, kò já.

Ti ọwọ́ ọ̀tún rẹ́rìn-ín sí mi. “Ẹ káàbọ̀, ọdẹ,” ó ní. “Ẹ kú ìrìn, ẹ kú ewu. Ó pẹ́ tí mo ti ń retí yín. Ẹ wo òpó mi, ẹ wo awẹ́ mi. Ẹ já mi, kí ìyàwó yín lè rí oúnjẹ jẹ.”

Ti ọwọ́ òsì ní, “Kúrò níwájú mi.”

Mo ní, “Kí ni mo ṣe fún ọ?”

“Kí lo ṣe? Ìwọ ọmọ ilé tí ń gbé àwo ilá dànù! Ọmọ ìyá mi ni ilá. Láti ìgbà bàbá ńlá rẹ ni ẹ ti ń fi orúkọ wa dẹ́rù ba ọmọ yín. Ẹni tí kò fọwọ́ ló pa àbúrò rẹ̀, àwa ni ẹ dá lẹ́bi. Nísinsìnyí tí ọ̀fun dí, o wá di ìbátan. N kò mọ̀ ọ́ rí.”

Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́n, èwo ni ẹ̀ bá mú? Gbogbo eyín kọ́ ni ẹ̀rín, mo mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó ń bú ni kọ́ ló ń sọ òótọ́, torí iwin tó jókòó sórí fìlà bú mi, àwọn igi yòókù náà sì bú mi. Bí mo bá fi ìwà mọ igi, mo lè di igi. Yíyọ̀ nìkan ló kù. Mo sì gbọdọ̀ mọ yíyọ̀ rẹ̀ láì fi ọwọ́ já ewé kankan.

Mo dúró pẹ́. Oòrùn ń jẹ mí lẹ́yìn. Lójijì ni mo rántí ọ̀rọ̀ Kòmumi. Ọwọ́ ló ní. Mo kúnlẹ̀, mo fi àyà lélẹ̀, mo na ọrùn, mo sì fi eyín gé ewé ti ọwọ́ ọ̀tún lára igi bí ewúrẹ́. Ẹ rẹ́rìn-ín, mo fún yín láyè. Ọdẹ́jìnmí tó pa ẹfọ̀n, ó ń jẹ ewé lórí ìkúnlẹ̀.

Eérú ni. Eérú gbígbẹ, tó kún ẹnu mi, tó wọ ọ̀fun, tó sì dúró síbẹ̀. Ẹni tí òǹgbẹ pa lè dọ́gbọ́n kó òpó àti awẹ́ sára, ṣùgbọ́n níbo ni yóò ti rí omi yíyọ̀? N kò lè gbé e mì, n kò lè pọ̀ ọ́. Èémí mi ń fọn fèrè. Mo di ọ̀fun mú, mo ń yí nílẹ̀, igi onínúure náà sì ń rẹ́rìn-ín kèékèè. Ibẹ̀ ni mo ti mọ ohun tí Àwẹ̀ró ń rí. Mo ti ń jókòó tì í lójoojúmọ́, mo ń ní pẹ̀lẹ́, pẹ̀lẹ́, mi ò mọ nǹkan kan. Bí ó ṣe ń rí nìyí ní gbogbo ìgbà tó bá gbé oúnjẹ sẹ́nu, ó sì ṣì ń na ọwọ́ kan ìbọn mi. Àánú rẹ̀ ṣe mí débi pé bí mo bá ní omi lójú, ǹ bá sunkún.

Mo wọ́ ara mi dé ìdí ti ọwọ́ òsì. Ó ní, “O mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí o bá jẹ mí?” Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, nítorí n kò lè sọ̀rọ̀. Ó ní, “Ìbọn rẹ ńkọ́?” Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ìbọn ni orúkọ mi. Bí ẹ bá yọ ìbọn kúrò lára mi, kí ló kù? Ọkùnrin kan tó ń pariwo nídìí ẹmu. Mo mọ gbogbo èyí. Mo la ẹnu, mo sì gé ewé náà.

Ó yọ̀. Ó yọ̀ bí ẹja, ó tutù, ó kún ẹnu mi, ó gbá eérú náà mú, ó sì gbé e sọ̀ kalẹ̀ kúrò lọ́fun mi. Itọ́ sun padà sẹ́nu mi. Mo gbé e mì, mo tún gé òmíràn. Òótọ́ ni mo ń sọ, ó dùn. Bàbá mi, ẹ forí jì mí ní ọ̀run, ó dùn.

Kòmumi bú ramúramù. “O rẹ́ mi jẹ! Ọwọ́ ni mo wí!”

“Ọwọ́ lo wí,” ni mo dá a lóhùn, ohùn mi sì ti là. “Ta ni ọwọ́ mi ti kàn?” Mo wá na ọwọ́, mo sì já ẹ̀ka tó kún fún ewé lára igi òsì náà. Mo fi gbòǹgbò rẹ̀ sílẹ̀. Kò dúpẹ́. Ó ní, “Máa gbé mi lọ. Èmi náà gbé tèmi lọ́wọ́ rẹ.”

Kòmumi kò fẹ́ gbọ́ ẹjọ́. Ó gbé ara rẹ̀ kọ́ sójú ọ̀nà. Mo gbé ìbọn, mo fojú sùn ún. Ibi tó wà sí mi, ọmọ tó fi òkò ju màngòrò kò lè tàsé rẹ̀. Mo yìn ín. Ìbọn náà yí lọ́wọ́ mi bí ohun tó ní ẹ̀mí, ọta gba òkè kọjá, ó lọ fọ́ àpáta. Èmi Ọdẹ́jìnmí! Kí ojú tó ráyè tì mí, ọwọ́ iyanrìn méjèèjì ti gbá mi mú ní ìbàdí. Ó fún mi. Mo yọ̀. Ó tún gbá mi mú lọ́rùn, mo tún yọ̀, bí ẹja àrọ̀ tí wọ́n dì mú nínú ẹrọ̀fọ̀. Ohun tí mo jẹ ti jáde sí mi lára bí òógùn, kò sì sí ibi tí yóò ti dì mí mú. Ó ń gbá mi, mo ń yọ̀, mo ń sáré, mo ń yọ̀, títí mo fi já sí ibi tí igbó ti bẹ̀rẹ̀. Òkìtì fìlà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n iwin tó ni ín ti sápamọ́ sábẹ́ rẹ̀ nígbà tó gbúròó mi.

Mo dé ilé Ìyá Àwẹ̀ró. Kò wo ojú mi, ẹ̀ka ló gbà. Ó fi àtàǹpàkò tẹ ewé kan, ó fà á, ó ta bí okùn. Ó lọ̀ ọ́ sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ó gbé orí ọmọ rẹ̀ lé itan, ó sì ń fún un mu díẹ̀díẹ̀. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ń wo ọ̀fun ìyàwó mi. Ó gbéra, ó wálẹ̀. Kò sí ohun tó gba imú jáde. Ó tún mu, ó tún wálẹ̀. Nígbà tó yá, ó mu ẹ̀kọ, ó mu ún tán nínú igbá. Ni ìyá rẹ̀ bá rántí mi. Ó kọjú sí mi, ó bẹ̀rẹ̀: pé mo pẹ́ jù, pé iyanrìn ẹsẹ̀ mi ba ilé òun jẹ́, pé irú ọkọ wo ni...

“Ìyá,” ni Àwẹ̀ró wí lórí itan rẹ̀, ohùn náà há bí ìlẹ̀kùn tí wọ́n kò tíì ṣí láti ọjọ́ pípẹ́, “ẹ fi ọkọ mi sílẹ̀.”

Mo jáde lọ sẹ́yìn ilé. Ẹ má bi mí ní ohun tí mo lọ ṣe níbẹ̀.

Àwẹ̀ró padà sílé wa nígbà tí ara rẹ̀ le. Èmi padà sígbó. Ẹtu kan dúró, ó fún mi ní ìhà, ó ń jẹko. Mo tàsé rẹ̀. Mo tún bá ìgalà pàdé lẹ́bàá odò, mo tàsé. Àwọn ọkùnrin ilé wa ti gbọ́ pé mo jẹ èèwọ̀, wọ́n dúró lójúde láti wo àpò mi. Ìyá ìyàwó mi pàápàá ti wá jókòó sábẹ́ igi, ó ti di ẹrù ọmọ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ní ọdẹ tí kò lè pa ẹtu tó dúró, kí ni yóò fi bọ́ ọmọ òun? Mo ń bọ̀, àpò rọ̀ pẹ̀tẹ̀pẹ̀tẹ̀ léjìká mi, kò sẹ́ni tó kí mi. Ẹ mọ̀ pé ẹran ni aráyé ń kí, kì í ṣe ọdẹ.

Àwẹ̀ró ló yọ láti inú ilé. Ó wo àpò mi, ó rí i pé òfìfo ni. Ó kúnlẹ̀ láàárín ojúde, níwájú gbogbo wọn, ó sì la ọ̀fun náà:

“Àrìnpa o! Àrìnpa o, ọkọ mi! Ẹ kú ewu igbó!”

Ó ké e débi pé àwọn ọkùnrin ilé wa sún sẹ́yìn. Ó lọ tú ẹrù tí ìyá rẹ̀ dì, ó sì kó o padà sínú iyàrá. Wọ́n ti fi kíkí ọdẹ apẹran yẹn kí mi lórí ẹfọ̀n rí, wọ́n ti fi kí mi lórí erin, ẹran tí ìlú jẹ tí wọ́n dì lọ sílé. Kò dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀ rí. Mo sọ àpò òfìfo kalẹ̀, mo sì jẹ́ kíkí náà.

Ibi tí ẹsẹ̀ mi gbé mi dé nìyẹn, ibẹ̀ náà ni n óò ti jókòó. Mo rí àwọn kan tí wọ́n ń fi ojú wo ìbọn tí mo fi kọ́ ògiri, tí wọ́n sì ń fọwọ́ bo ẹnu. Ẹ máa rẹ́rìn-ín lọ, kò burú. Ṣùgbọ́n ẹ rọra rẹ́rìn-ín, torí Àwẹ̀ró wà lẹ́yìn ilé, ó sì ń gbọ́ yín.